Òkè Ìdànrè kì í ṣe dúdú: ìmọ̀ràn fún ayàwòrán tó kọ́ ara rẹ̀

Ọmọ_Odòde

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Télọ̀ obìnrin ni mí ní Ìdànrè. Mi ò lọ ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà, orí fóònù ni mo ti kọ́ àwòrán yíyà, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń yà á. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé fídíò òyìnbó ló pọ̀ jù nínú èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́. Òkè tí yìnyín bò, igi tó ṣe ṣóńṣó lókè, ilé onípákó létí adágún omi. Gbogbo ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n yà, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo fojú rí rí. Òkè tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi gan-an, tí mo bá yà á, á kàn dúdú bí òkìtì èédú ni. Igbó kòkó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì tutù yọ̀yọ̀ kọjá bó ṣe rí lójú.

Ṣé kí n tọ́jú owó lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìkọ́gòósì kí n lè rí ohun tó yẹ ní yíyà ni, àbí ibi tí mo wà yìí ti tó? Ìgbà wo ló dáa jù láti jókòó yàwòrán níta? Ọ̀dà wo ni kí n pò fún àpáta? Ẹnìkan tún sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó ń ra àwòrán òkè, pé ojú ara wọn ni àwọn olówó ń fẹ́ rí lára ògiri. Acrylic, ọ̀dà tí a ń fi omi pò, ni mo ń lò, búrọ́ọ̀ṣì mi ò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá mọ̀, ẹ má fi dù mí.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn)

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Àwọn ọmọ girama ni mo fi àwòrán yíyà kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìbéèrè rẹ sì dùn mọ́ mi, torí ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa bi wá nìyẹn.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dára. Omi Olúmirìn tó ń já bọ́ láti ìpele dé ìpele, méje ni wọ́n máa ń kà á, ẹni tó bá rí i kò ní gbàgbé. Ìkọ́gòósì náà dára, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ara wọn tí wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n àlejò lo máa jẹ́ níbẹ̀. Wàá débẹ̀ lọ́sàn-án, wàá ya fọ́tò, wàá wọkọ̀ padà sílé. Òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ ńkọ́? O ti rí i nígbà ọyẹ́, o ti rí i nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, o mọ ibi tí oòrùn ti ń kọ́kọ́ bà á láàárọ̀. Ẹni tó mọ ibì kan dé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ló ní nǹkan láti sọ nípa rẹ̀. Àwọn ará ọ̀nà jíjìn ń náwó wá gun àtẹ̀gùn 682 tó wà lára òkè yẹn, orúkọ rẹ̀ sì ti wà níwájú àjọ àgbáyé UNESCO láti 2007 lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Ìwọ jí bá a lójú fèrèsé. Dúró síbẹ̀ ná, kí o yà á.

Lórí àkókò: ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà, lọ́sàn-án gangan, orí wa ni oòrùn máa ń wà. Òjìji á kúrú, gbogbo nǹkan á dọ́gba pẹrẹsẹ, òkè á dà bí ẹni pé kò níhà kankan. Aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kí o mú, tàbí láti nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ á máa ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, ìhà kan òkè á mọ́lẹ̀, ìhà kejì á ṣókùnkùn, wàá sì rí bó ṣe rí rogodo. Má gbàgbé pé ilẹ̀ wa kì í fi ṣíṣú falẹ̀. Nínú fídíò òyìnbó, ìrọ̀lẹ́ lè gùn títí. Níbí, bí oòrùn bá ti wọ̀, kò ní pẹ́ tí o kò ní dá àwọ̀ mọ̀ mọ́. Torí náà, pákó kékeré ni kí o gbé jáde, èyí tí kò ju ìwé kékeré lọ, kí o lè parí rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó yí padà.

Gé ojú fèrèsé onígun mẹ́rin sára páálí, kí o máa wo òkè gba inú rẹ̀. Ojú wa máa ń fẹ́ kó gbogbo nǹkan tán. Páálí yẹn ló máa jẹ́ kí o yan ohun tí o fẹ́ yà. Lẹ́yìn náà, dín ojú rẹ kù títí ewé kọ̀ọ̀kan á fi pòórá, tí á fi ku ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn nìkan. Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ kùn.

Má sì jẹ́ kí àìlọ ilé-ìwé tì ọ́ lójú. Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, inú àwòrán tó wà nínú ìwé òyìnbó ló ti kọ́ ara rẹ̀. Ó ti ń ya ojú àwọn èèyàn ńlá Èkó tipẹ́ kó tó lọ kàwé iṣẹ́ ọnà ní London ní 1920. Wo ohun tó ṣe dáadáa: ìwé òyìnbó ló fi tọ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́nà, àwọn ará Èkó tó ń gbé láàárín wọn ló fi ọwọ́ náà yà. Ohun tí fídíò kọ́ ọ kò ṣòfò. Ibòmíràn ló yẹ kí o kọjú rẹ̀ sí.

Olóko_Kòkó (Ilé-Olújì)

Èmi kì í yàwòrán, ṣùgbọ́n inú oko kòkó ni mo ń gbé, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ àwòrán oko tí kò jọ oko. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí.

Ewé kòkó tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kì í ní àwọ̀ ewé. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, ó rọ̀, ó sì máa ń dorí kodò lórí ẹ̀ka fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó le. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo oko rúwé lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá dúró lókè wò ó, pupa ló máa gba iwájú. Abẹ́ igi kòkó ṣókùnkùn, ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún ewé gbígbẹ, oòrùn á wá máa bọ́ sílẹ̀ lóríṣiríṣi ojú kéékèèké. Ara igi gan-an ni èso ti ń yọ, kì í ṣe orí ẹ̀ka tínrín bíi ti ọsàn. Mo rí àwòrán kan tí wọ́n so kòkó mọ́ ṣóńṣó ẹ̀ka, ó dùn mí gan-an. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti obì wà láàárín wọn, torí náà igbó náà kò dọ́gba. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gba ìmọ́lẹ̀.

Tó bá di ti àpáta: ẹ lọ dúró tì í nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú ibi tí omi òjò máa ń gbà ṣàn wálẹ̀ ló dúdú, ìlà gbọọrọ gbọọrọ láti orí dé ìdí. Láàárín àwọn ìlà yẹn, ara òkúta náà ní àwọ̀ eérú, ó tún pọ́n díẹ̀, ibòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Koríko inú pàlàpálá rẹ̀ ti gbẹ, ó ti pọ́n rúsúrúsú. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ohun gbogbo á yí padà: gbogbo ara rẹ̀ á dúdú, á máa dán, àwọn ojú omi yẹn ló máa wá funfun.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn)

Olóko_Kòkó, ẹ ṣeun púpọ̀. Ojú ayàwòrán lẹ ní. Àwọn ìlà dúdú yẹn, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó ń gbé níbi tí omi ń gbà ló ń fa dúdú wọn. Nítorí náà, ọ̀nà omi ni wọ́n máa ń tọ̀. Ọmọ_Odòde, bí o bá fa àwọn ìlà náà tọ ọ̀nà tí omi lè gbà wálẹ̀, òkè rẹ á dúró dáadáa. Bí o bá fà wọ́n bó ṣe wù ọ́, ará Ìdànrè á wò ó, á mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́.

Fi ọ̀dà dúdú sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Pò Ultramarine (búlúù) mọ́ Burnt Sienna (búráùn tó pọ́n). Bí búlúù bá pọ̀ nínú rẹ̀, òjìji tó tutù lo máa rí. Bí búráùn bá pọ̀, àpáta tí oòrùn ń bà. Fi funfun lù ú díẹ̀díẹ̀, gbogbo àwọ̀ eérú tó wà lára òkè yẹn wà níbẹ̀. Ní ti igbó, àwọ̀ ewé tó ń jáde tààrà láti inú túùbù le jù. Fi Burnt Sienna kékeré pa á, tàbí kí o pò Yellow Ochre (yẹ́lò bíi ti ilẹ̀) mọ́ dúdú díẹ̀. Àwọ̀ ewé tó máa jáde níbẹ̀ jọ ti igbó wa ju èyí tí wọ́n ń tà lọ.

Ará_Peckham (London)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó béèrè, mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un láti ìhà tiwa níbí. John Constable, ọ̀kan lára àwọn tí àwọn òyìnbó ń fi yangàn jù nínú yíya ilẹ̀ àti igi, ọlọ ni bàbá rẹ̀ ní létí odò ní Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Odò yẹn, ọlọ yẹn, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù kọjá níbẹ̀, ìyẹn ló ń yà ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní 1821 àti 1822, ó ń jókòó síta ní Hampstead, ó ń ya ojú ọ̀run nìkan, á sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé: ọjọ́ báyìí, aago báyìí, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, bóyá òjò fẹ́ rọ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sẹ́yìn gbogbo èyí tí ẹ bá yà níta. Tó bá di ìgbà tí ẹ fẹ́ ya ńlá nínú ilé, àwọn kéékèèké yẹn ló máa sọ fún yín bí ojú ọjọ́ ṣe rí, fóònù kò lè sọ ọ́.

Mo sọ̀rọ̀ fóònù torí pé ó máa ń tan èèyàn. Bó bá gbájú mọ́ òkè, ojú ọ̀run á funfun. Bó bá gbájú mọ́ ọ̀run, òkè á dúdú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni dúdú inú àwòrán yín ti wá. Ẹ fi fọ́tò rántí ibi tí nǹkan wà, ẹ má gba àwọ̀ rẹ̀ gbọ́.

Bàbá_Sáìnì (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, iṣẹ́ kíkọ pátákó ni iṣẹ́ mi, mo sì máa ń ya ìlú wa náà. Ọ̀rọ̀ ohun èlò ni mo bá wá.

Kánfáàsì ọjà ti wọ́n. Ra aṣọ òwú funfun tó nípọn, irú èyí tí àwọn aládìrẹ ń lò, kí kápẹ́ńtà bá ọ kan férémù igi sí i. Pò gúlúù funfun tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò mọ́ omi, fi kun aṣọ náà kó lè fún. Bó bá gbẹ, fi emulsion funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, fi sáńpépà há a láàárín. Plywood náà dára, ṣùgbọ́n iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o kùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ká kò nígbà òjò. Kun etí rẹ̀ pẹ̀lú, torí etí ni omi máa ń gbà wọlé.

Acrylic máa ń gbẹ kíá lọ́dọ̀ wa, pàápàá nígbà ọyẹ́. Gba abọ́ pẹrẹsẹ, tẹ́ fóòmù tó rin sínú rẹ̀, fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, kí o máa da ọ̀dà sórí ìwé náà. Ìsàlẹ̀ á máa fún un lómi. Gba ike tí wọ́n fi ń fín omi sí irun dání pẹ̀lú.

Ní tèmi, orí Olúmọ ni mo ti máa ń wo ìlú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, páànù tó dípẹtà ló pọ̀ jù, gbogbo ìlú pọ́n. Báyìí, páànù búlúù, ti aláwọ̀ ewé, ti aláwọ̀ wáìnì ti bọ́ sáàárín wọn. Àwọn kan máa ń yọ wọ́n kúrò nínú àwòrán wọn kí ìlú lè jọ ti àtijọ́. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá ya Abẹ́òkúta òní, ta ni yóò mọ̀ bó ṣe rí?

Ìyá_Aládìrẹ (Òṣogbo)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo gbà pẹ̀lú bàbá tíṣà lórí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ, àyàfi pé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lórí ohun tí ojú ń rí. Òṣogbo ni mo wà. Lẹ́yìn ìgbà tí Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, bẹ̀rẹ̀ níbí, ọ̀pọ̀ àwọn tó di ayàwòrán kò lọ ilé-ìwé ọnà kankan. Oníjó ni Twins Seven-Seven, ọ̀kan lára wọn, nígbà tó dé. Igbó tó wá ń yà kún fún ẹbọra, fún ẹranko tó lójú nínú ikùn, igi àti èèyàn wọnú ara wọn. Igbó wa náà ni. Àwọn tó gbọ́ ìtàn igbó láti kékeré, bí wọ́n ṣe ń rí i nìyẹn. Ìwọ ọmọ Ìdànrè, ṣé àpáta nìkan ló wà lórí òkè yín? Àwọn baba yín gbé lókè yẹn kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bi àwọn àgbà léèrè kí o tó yà á.

Tí o bá wá sí igbó Òṣun, ibi tí wọ́n bá gbà kí àlejò dé ni kí o jókòó sí, kí o sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Má wá lásìkò ọdún Òṣun ní oṣù kẹjọ bó bá jẹ́ àwòrán lo fẹ́ yà, èrò kò ní jẹ́ kí o rí omi. Wá ní àárọ̀ ọjọ́ lásán.

Mo tún fẹ́ sọ ti erùpẹ̀. Ilẹ̀ pupa tí ẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀dà ni. Bù ú, rẹ ẹ́ sínú omi, rò ó, jẹ́ kí òkúta rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, da omi pupa orí rẹ̀ gba inú aṣọ sínú abọ́ mìíràn. Bó bá tòrò tán, da omi nù, sá ẹrẹ̀ tó kù, lọ̀ ọ́, kí o fi gúlúù funfun pò ó. Ti ilẹ̀ aláwọ̀ yẹ́lò, tí o bá yan án lórí iná, á di pupa. Oòrùn kì í pa àwọ̀ ilẹ̀, kò dà bí àwọ̀ ewé tàbí èèpo igi tó máa ń ṣá. Ilẹ̀ Ìdànrè ni kí o fi kun ilẹ̀ Ìdànrè.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn)

Màmá, ọ̀rọ̀ yín jinlẹ̀, ti erùpẹ̀ yẹn sì wú mi lórí. Lórí ti ẹbọra, ẹ jẹ́ kí n yapa díẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó sá wọnú ìtàn torí pé ọwọ́ wọn kò tíì lè gbé igi kan dúró. Kí ọmọ yìí kọ́kọ́ mọ òkè náà dénú, kó mọ ìdí rẹ̀, èjìká rẹ̀, ojú omi rẹ̀. Ìtàn kò ní sá lọ.

Ìyá_Aládìrẹ (Òṣogbo)

Bàbá, àwọn tí wọ́n ṣe é níbí kò dúró de ìyẹn, ayé sì mọ iṣẹ́ wọn. Kó máa ṣe méjèèjì pọ̀.

Ọmọ_Odòde

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ ṣé, ẹ ò ní rí ibi. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Méjì ló kù. Lásìkò ọyẹ́, òkè iwájú ló máa ń hàn, àwọn tó kù á wọnú kùrukùru. Ṣé kí n dúró kí ọyẹ́ lọ ni? Èkejì, obìnrin ni mí, mi ò fẹ́ máa dá jókòó níbi kọ́lọ́fín.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn)

Má dúró! Ọyẹ́ ni àkókò tó dáa jù fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí ibi jíjìn ṣe ń rí. Eruku tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti aṣálẹ̀ Sahara ló wà láàárín ìwọ àti òkè kejì. Òkè iwájú ṣì ní dúdú àti pupa lára. Èyí tó tẹ̀lé e ti ṣá. Ẹ̀kẹta àti ojú ọ̀run fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ kan náà. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Pò àwọ̀ ojú ọ̀run, funfun tó ní Yellow Ochre díẹ̀ nínú, kí o fi àwọ̀ náà lu òkè kọ̀ọ̀kan: púpọ̀ fún èyí tó jìnnà, díẹ̀ fún èyí tó súnmọ́. Tí àkọ́rọ̀ òjò bá wá rọ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, jáde lọ́jọ́ kejì. Eruku á ti wálẹ̀, òkè jíjìn á di búlúù, á dà bí ẹni pé ó sún wá. Ibì kan náà ni kí o jókòó sí lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Bàbá_Sáìnì (Abẹ́òkúta)

Lórí ti ààbò, ojú kan tí àwọn èèyàn ti ń kọjá ni kí o mú: iwájú ilé ẹni tí o mọ̀, ẹ̀bá ibi tí wọ́n ń sá kòkó, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí oko bá ni, kí olóko, kí o sọ ohun tí o wá ṣe kí o tó tẹ́ nǹkan sílẹ̀. Má tẹ́ ẹ sítòsí bárékè tàbí ibi tí sójà wà. Mú ọmọ iṣẹ́ rẹ kan dání, kó máa ránṣọ ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Ayàwòrán_Mainland (Èkó)

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ní wọn kì í ra àwòrán òkè kò tíì bá ọmọ Ìdànrè tó wà ní Èkó tàbí Houston pàdé. Àwọn tó máa ń bi mí jù ni àwọn tó fẹ́ ìlú wọn lára ògiri: ọmọ Ìbàdàn fẹ́ òrùlé tí wọ́n ń rí láti ilé ìṣọ́ Bower, ọmọ Èkìtì fẹ́ òkè. Wọ́n máa ń mọ ibẹ̀. Bí òkè bá jẹ́ òkè kan ṣáá, wọ́n á wò ó kọjá. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n gùn nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ìwé, wọ́n á béèrè iye rẹ̀.

Tí ẹ bá wá sí Èkó, ẹ yà sí Nike Art Gallery ní Lẹ́kì, wọn kì í gba owó ìwọlé. Obìnrin tó dá a sílẹ̀, Nike Davies-Okundaye, ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ló ti kọ́ àdìrẹ, kì í ṣe ilé-ìwé gíga. Ẹ wo bí àwọn mìíràn ṣe ya ilẹ̀, ẹ wo ìwọ̀n wọn, ẹ béèrè iye.

Kí ẹ tó gbé tiyín sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, abẹ́ ìbòòji níta ni kí ẹ ti ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má lo fìláàṣì. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ yà sí i. Ẹ ṣírò aṣọ, igi, ọ̀dà àti àkókò yín kí ẹ tó dárúkọ owó, bí ẹ ṣe ń ṣe fún aṣọ tí ẹ rán.

Olóko_Kòkó (Ilé-Olújì)

Ọmọ_Odòde, kòkó ti fẹ́ máa rúwé báyìí. Tí o bá fẹ́ rí pupa tí mo sọ yẹn, má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, aago méje àárọ̀, láti ibi tó ga díẹ̀ lókè oko. Gbé e síbí tí o bá ti yà á, mo fẹ́ rí i.